Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Kò Yẹ Kí Ó Máa Ṣòfò

Láti Abereke ní etí òkun Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ni aláìsàn fi ń dé Igbokoda kí ó tó rí mọ́tò wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá sin bàbá rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ní kí ó mú àwọn ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, níbo ni yóò ti rí wọn? Ojú omi ni wọ́n wà, wọ́n ń pẹja.

Jẹjẹrẹ tí ó ràn dé eegun ẹ̀yìn ni a ní lọ́kàn. Jẹjẹrẹ ọmú, àti èyí tí ń mú àwọn bàbá nídìí àpò ìtọ̀, a máa ràn débẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì a sì lè rọ. Ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn púpọ̀ bí a bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí ń fa ẹ̀jẹ̀ yìí, tí ń fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́, kí a tó dá a padà sára ẹni tí ó ni ín. Èyí kò ṣàjèjì pátápátá: ní Nàìjíríà àti Gánà, àwọn dókítà ti ń bu ẹ̀jẹ̀ láti ikùn obìnrin tí oyún bẹ́ sí lẹ́yìn ilé-ọmọ, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fà á padà sí i lára. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó tipa bẹ́ẹ̀ yè.

Ní ti jẹjẹrẹ, ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà kí irúgbìn àrùn náà má bá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ kan wà tí ń dá irúgbìn yìí dúró. Ní 2008, ìgbìmọ̀ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ọ̀nà yìí fún iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ní 2014, àwọn dókítà Singapore tẹ ìwádìí jáde lórí ti eegun ẹ̀yìn gan-an; wọn kò rí irúgbìn náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gba inú asẹ́ kọjá. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Àní, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ tiwa náà wádìí rẹ̀.

Òfin 2021 ti dá àjọ ètò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ béèrè owó ẹ̀rọ yìí àti asẹ́ rẹ̀ nínú ètò ìnáwó tí ń bọ̀. Kì í ṣe ọlọ́jẹjẹrẹ nìkan ni yóò wúlò fún. Ẹni tí mọ́tò gbá àti aboyún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí wọn.