Àlàfo Ìbò Láàrin Ọkùnrin àti Obìnrin Nínú Ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2016, ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò ní Amẹ́ríkà fi hàn pé obìnrin 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò fún Hillary Clinton. Ti ọkùnrin jẹ́ 41. Iye tó wà láàrin méjèèjì, èyí tíí ṣe 13, ni a ń pè ní àlàfo ìbò.

Àwọn kan gbà pé ìtumọ̀ àlàfo yìí ni pé ohùn àwọn obìnrin ṣọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan náà fi hàn pé Donald Trump ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun yàn, nígbà tí 94 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin adúláwọ̀ yan Clinton.

Ìṣírò pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Bí a bá bi 1,000 olùdìbò léèrè, èsì náà lè fi nǹkan bíi 3 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ìdajì wọn bá jẹ́ obìnrin, ìyẹ̀sí ti obìnrin nìkan yóò ju 4 lọ. Ti àlàfo fúnra rẹ̀ yóò tó 6. Nítorí náà, bí àlàfo bá kúrò ní 10 tó di 13 láàrin ọ̀sẹ̀ kan, a kò tíì lè fi ṣe ẹ̀rí pé ọkàn ẹnikẹ́ni yí padà.

Àlàfo ń sọ bí ọkùnrin ṣe yàtọ̀ sí obìnrin; kì í sọ ẹni tí yóò wọlé.