Ṣé Kóòtù Funfun Dókítà Eyín Ló Ń Dẹ́rù Ba Ọmọdé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 5, ń rẹ́rìn-ín títí a fi wọ ilé ìwòsàn eyín. Bó ṣe tajú kán rí dókítà nínú kóòtù funfun báyìí, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀: "Àǹtí, ṣé wọ́n fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín ẹ̀ o!

Kí ló fà á? Ní 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn ìdánwò kan jáde. Wọ́n á gbé eku funfun síwájú ọmọ jòjòló kan, wọ́n á sì fi òòlù lu irin gbàù lẹ́yìn orí ẹ̀. Nígbà tó yá, tó bá ti rí eku lásán, ẹkún ni. Ẹ̀rù ọ̀hún tún ràn mọ́ ehoro àti kóòtù onírun. Ìwà ìkà gbáà ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ohun tó bá bá ìnira rìn lè di ohun ìbẹ̀rù. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹni tó wọ funfun ló máa ń fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́?

Ṣé kí dókítà wá bọ́ kóòtù ni? Rárá o. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, funfun ló ń fi hàn pé ibẹ̀ mọ́, pé ẹni náà sì mọṣẹ́. Nínú ìwádìí kan ní Istanbul, aṣọ iṣẹ́ gan-an làwọn ọmọ mú jù. Àwọn tẹ́rù ń bà ni aṣọ aláràbarà wù.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: àwa náà dá kún un. "Tó ò bá jẹun, màá pe dókítà kó wá gún ẹ!" Ọmọ tó bá gbọ́ èyí á sá fún dókítà títí eyín á fi jẹrà. Yíyọ eyín ló máa wá kù, ẹ̀rù á sì di ìlọ́po méjì.

Dókítà wa ò bọ́ kóòtù. Wọ́n fa ìbòmú wálẹ̀ kó lè rí ojú wọn, wọ́n ní kó di dígí kékeré mú, wọ́n bá a ka ìka ọwọ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ka eyín. Dókítà eyín kan, Addelston, ti ṣàlàyé irú ọgbọ́n yìí láti 1959: sọ fún ọmọ, fi hàn án, kó o tó ṣe é.

Bá a ṣe ń jáde, ó ní kí n lanu, òun fẹ́ ka tèmi náà.