Ìlò Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì fún Ibi àti Àkókò

Nínú àwọn àléébù tí àwa olùkọ́ máa ń bá pàdé nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, àṣìlò ọ̀rọ̀ atọ́kùn kò gbẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tí ó fẹ́ sọ dáadáa, síbẹ̀ kí “at”, “on” àti “in” dàrú mọ́ ọn lójú. Àìlóye kọ́ ni ó fà á. Ìlànà èdè abínibí wa ni a ń gbé wọ inú èdè mìíràn, bí a bá sì mọ èyí, àtúnṣe kò nira.

Ní èdè Yorùbá, “ní” kan ṣoṣo tó wa: ní agogo méje, ní ọjọ́ Ajé, ní oṣù Kẹrin, ní Ìbàdàn. Bí a bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yéni sí i, ọ̀rọ̀ orúkọ ni a ń fi kún un: ìwé wà ní orí tábìlì, owó wà ní inú àpò. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ atọ́kùn fúnra rẹ̀ ni ó ru ìtumọ̀ náà. Nítorí náà, kí a má ṣe wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò rọ́pò “ní” níbi gbogbo. Irú ibi tàbí irú àkókò tí à ń sọ ni kí a kọ́kọ́ rò.

Bí a bá wo ibi kan bí ojúkò lásán, “at” ni a ó lò: “at the gate”. Bí nǹkan bá wà lórí òmíràn, tàbí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, “on” ni: “on the table”, “on the wall”. Bí ohun kan bá yí i ká, “in” ni: “in the box”, “in Ibadan”. Ẹni tí ó wà “at church” wà ní ìsìn. Ẹni tí ó wà “in the church” wà nínú ilé náà, ì báà ṣe ilẹ̀ ni ó wá gbá.

Àkókò náà ń tẹ̀lé ètò kan. Wákàtí gba “at”: “at seven o’clock”. Ọjọ́ gba “on”: “on Monday”. Oṣù àti ọdún gba “in”: “in April”, “in 1960”. Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni “on Easter Sunday”, ṣùgbọ́n “at Easter” kó gbogbo àsìkò ọdún náà pọ̀. A ń sọ pé “in the morning”, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ ọjọ́, ó di “on Sunday morning”. “At night” ní tirẹ̀, àkọ́sórí ni. Bẹ́ẹ̀ ni “last”, “next” àti “every” kò fẹ́ atọ́kùn kankan níwájú wọn: “last week” ni, kì í ṣe “in last week”.

Ẹ ṣọ́ra fún “láti” pẹ̀lú. Láti ọdún 2020 ni “since 2020”, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni a dárúkọ. Láti ọdún mẹ́ta ni “for three years”, nítorí gígùn àkókò ni a kà. “Since three years” kò tọ̀nà.

Èyí tí ó lè pa ènìyàn lára jù ni “by” àti “until”. Bí ẹni tí a pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Ẹtì bá kọ̀wé pé “I will be in Lagos by Friday”, ó ṣe ìlérí pé kí ọjọ́ náà tó kọjá, òun yóò ti dé. Bí ó bá kọ “until Friday”, ó sọ pé títí di ọjọ́ náà ni òun yóò fi wà níbẹ̀, lẹ́yìn èyí òun yóò kúrò. Ọ̀rọ̀ kan péré lè sọ dídé di lílọ, kí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Èyí kò fi hàn pé èdè wa kù díẹ̀ káàtó. Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, lo èdè méjèèjì láìfi ọ̀kan tẹ́ńbẹ́lú èkejì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa kọ gbólóhùn mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀kan fún “at”, ọ̀kan fún “on”, ọ̀kan fún “in”, kí wọ́n sì máa sọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí sáà kan tó parí, ìyàtọ̀ yóò hàn.