Ṣé o mọ̀? Ẹja aláràbarà kan wà ní àwọn odò Àkúrẹ́
Fundulopanchax gardneri, ẹja odò kéékèèké tí onímọ̀ nípa ẹja, Boulenger, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1911, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, síbẹ̀ akọ rẹ̀ ń dán bí aró tí a wọ́n tóótòòtó pupa sí, nígbà tí abo rẹ̀ jọ àwọ̀ ẹrọ̀fọ̀. Gbòǹgbò àti ewé inú omi ni abo ń lẹ ẹyin mọ́, nítorí náà bí a bá gé igi etídò, tàbí tí a da Gamalin, ìyẹn oògùn apakòkòrò oko kòkó, sí omi láti fi pẹja, ẹyin àti ìyá rẹ̀ ló ń ṣègbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa.