Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìwé Tade Thompson

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ni irú ìtàn àròsọ kan tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ kì í sábà fi ọwọ́ kàn, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì ń kà sí eré ọmọdé. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Àwọn ti lítíréṣọ̀ ní ti sáyẹ́ǹsì ni. Àwọn ti sáyẹ́ǹsì ní ti lítíréṣọ̀ ni. Ìwé náà sì wà láàárín, kò rí ẹni gbà á. Ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ di yunifásítì ní ọdún 2020, orúkọ tí a sì fún un so ìmọ̀ ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jáde mọ ibi tí àwọn ìmọ̀ wọ̀nyí ti ń pàdé.

Ọ̀nà méjì ni a lè pín ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì sí. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé aṣọ sáyẹ́ǹsì nìkan ni ó wọ̀: ọkọ̀ ń fò lójú ọ̀run, ìbọn ń tan iná, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹṣin rọ́pò ọkọ̀, tí a fi idà rọ́pò ìbọn, ìtàn náà kò ní yí padà. Èkejì ni èyí tí òfin sáyẹ́ǹsì dè mọ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé irú èyí lè ro ohun kan tí kò tíì sí láyé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rò ó tán, ó di dandan fún un láti tẹ̀lé gbogbo ohun tí yóò ti ibẹ̀ yọ. Kò gbọdọ̀ fi agídí yọ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ nínú ewu. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òfin tí ó là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà irú ìtàn yìí ni Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kú ní ọdún 2008. Ní ọdún 1945, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi ṣàlàyé pé bí a bá gbé ẹ̀rọ kan sí òkè àárín gbùngbùn ayé, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò máa yí pẹ̀lú ayé ní wákàtí 24, yóò sì dàbí ẹni pé ojú kan ni ó dúró sí. Ó ní mẹ́ta irú rẹ̀ tó láti mú ìròyìn dé ibi tí ó pọ̀ jù lọ láyé. Nígbà náà, kò tíì sí sátẹ́láìtì kan ṣoṣo lójú ọ̀run. Ní ọdún 1964, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé àwòrán ìdíje Òlíḿpíìkì láti Tókíyò lọ sí Amẹ́ríkà. Nàìjíríà náà gbé tirẹ̀, NigComSat-1, lọ sí irú ipò yìí ní ọdún 2007. Nígbà tí ó bàjẹ́ ní ọdún 2008, òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2011. Èyí fi hàn pé àròsọ tí ó bá tẹ̀lé òfin lè ṣíwájú iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn kan lè wí pé Yorùbá ti ní irú ìtàn yìí tipẹ́, pé kí ni ó tún kù lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Ìyàtọ̀ wà. Nínú igbó Fágúnwà, oògùn ń jẹ́ nítorí pé oògùn ni. Kò sí ẹni tí ń béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn náà kò sì nílò rẹ̀, nítorí ìwà ọmọ ènìyàn ni ó fẹ́ fi kọ́ni. Nínú ìtàn onísáyẹ́ǹsì, ìbéèrè “báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́?” gan-an ni ọ̀pá tí ó gbé ilé ró. Ìkan kò borí èkejì. Iṣẹ́ wọn ni kò jọ ara wọn.

Ẹni tí ó fi irú ìtàn yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá lójú gbogbo ayé ni Tade Thompson. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Nàìjíríà ni ó sì dàgbà sí. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, ó sì di dókítà àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Rosewater jáde ní ọdún 2016. Ní ọdún 2019, ìwé náà gba ẹ̀bùn tí a fi orúkọ Arthur C. Clarke sọ. Ní ọdún 2019 kan náà ni ìwé méjì tí ó tẹ̀lé e jáde: The Rosewater Insurrection àti The Rosewater Redemption. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ wọ́n.

Nàìjíríà ọdún 2066 ni ibùdó ìtàn Rosewater. Ẹ̀dá ńlá kan ti ojú ọ̀run bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ inú ilẹ̀ lọ, ó sì wá yọ ní Nàìjíríà. Ó yọ ilé rìbìtì kan sókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni igbá náà máa ń ṣí, gbogbo aláìsàn tí ó bá wà nítòsí a sì gba ìwòsàn. Iná mọ̀nàmọ́ná tún ń ti ara ẹ̀dá náà wá fún àwọn ará ìlú. Àwọn ènìyàn wá ń wọ́ tìtì lọ síbẹ̀, títí ibùdó àwọn aláìsàn fi di ìlú ńlá. Nítorí òórùn tí ó gba ibẹ̀ kan nígbà tí kò tíì sí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ gidi ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Rosewater, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí ó túmọ̀ sí omi òdòdó olóòórùn dídùn. Olú ẹ̀dá-ìtàn ni Kaaro, ẹni tí ó ti jalè rí, tí ó lè mọ èrò inú ẹlòmíràn, tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba sì ń lò.

Báwo ni Kaaro ṣe ń mọ èrò inú ènìyàn? Ibí ni sáyẹ́ǹsì ìwé náà wà. Kì í ṣe ẹ̀mí, kì í ṣe oògùn. Òǹkọ̀wé ní àlejò náà tú ohun wẹ́wẹ́ kan tí ó jọ ìdílé olú sínú afẹ́fẹ́. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ. Ó ń so mọ́ra káàkiri, ó sì ń kan àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó wà ní awọ ara. Báyìí ni ìròyìn ṣe ń ti ọpọlọ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá ti wá olú ọ̀gán lẹ́yìn òjò kò ní ṣòro fún láti lóye èyí. Olú tí a ń já kì í ṣe gbogbo ara olú. Ní abẹ́ ilẹ̀, nínú ilé ikán, okùn funfun tín-ín-rín ti tàn káàkiri kí orí olú tó yọ, àwọn ikán ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú oko. Làpálàpá tí ó ń yọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu náà, ara ìdílé yìí ni ohun tí ń fà á. Thompson, tí í ṣe dókítà, kò gbàgbé èyí. Bí Kaaro bá fẹ́ sinmi lọ́wọ́ èrò inú àwọn ẹlòmíràn, ìpara clotrimazole ni ó ń fi pa ara, èyí tí a lè rà fún làpálàpá ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bí ohun tí ó gbé agbára wá bá jọ olú, ohun tí ń pa irú olú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dí agbára náà. Èyí ni a ń pè ní títẹ̀lé òfin.

Àmọ́ ṣá o, àríyànjiyàn wà. Àwọn kan gbà pé ìwé náà kò le tó láti jẹ́ ti oní-òfin, nítorí pé kò sí ẹ̀rí kankan pé ohun kan lè gbé èrò láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, àti pé apá kan ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àlá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ohun àjèjì kan ni òǹkọ̀wé tọrọ lọ́wọ́ òǹkàwé, ó sì ń san gbèsè rẹ̀ jálẹ̀ ìwé.

Gbèsè mìíràn tún wà tí ó ju ti sáyẹ́ǹsì lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ìtàn náà ti ń lọ, ó hàn pé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀yà ara tí a wò sàn ń kúrò ní ti ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ó ń di ti àlejò. Nínú ìwé kejì àti ìkẹta, ó hàn pé àwọn tí ayé wọn ti bàjẹ́ ń wá ara tí wọn yóò gbé wọ̀. Ọba-ìlú Rosewater, ìyẹn méyọ̀ wọn, kéde òmìnira kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà. Síbẹ̀ àlejò ni agbára rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn le: aláìsàn tí ó ti rí ìwòsàn, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó kọ̀ ọ́?

Èkìtì kò ṣàjèjì sí ìbéèrè yìí. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tí ó sìn ní ààfin Arínjalẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iyì, òyìnbó aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn gbé lé orí. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Kò padà mọ́. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum títí di òní. Àlejò dé, ó mú nǹkan wá, ó mú nǹkan lọ. Ọlọ́wẹ̀ fi igi sọ bí àlejò ṣe dé. Thompson béèrè ohun tí pàṣípààrọ̀ náà yóò sọ onílé dà.

Ìwé Far from the Light of Heaven, tí ó jáde ní ọdún 2021, gba ọ̀nà mìíràn. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni ó wà. Ọdún mẹ́wàá ni ìrìn-àjò náà, àwọn èrò ń sùn, ẹ̀rọ ni ó ń tukọ̀. Nígbà tí igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ jí, ó rí i pé wọ́n ti pa nínú àwọn èrò. Ibùdó kan wà lójú ọ̀run nínú ìtàn náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos. Ọ̀nà jíjìn, afẹ́fẹ́ tí kò gbọdọ̀ tán àti ẹ̀rọ tí kò ṣeé gbọ́kàn lé ni wọ́n ń lé ìtàn náà síwájú.

Kí ni olùkọ́ lè fi èyí ṣe? Kò di dandan kí ó ra gbogbo ìwé wọ̀nyí. Ó lè fún kíláàsì ní ohun kan ṣoṣo láti rò: bí olú kan bá hù ní Èmùré tí ń jẹ ọ̀rá tí wọ́n ń sọ nù sójú gọ́tà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Inú ọjà yóò kọ́kọ́ dùn, nítorí ìdọ̀tí yóò tán. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rántí pé ọ̀rá ni ó bo wáyà iná, pé ike ni páìpù àti táǹkì omi, pé inú ike ni omi tí a ń fà sára aláìsàn ní ọsibítù wà. Ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ta ni yóò jèrè? Kí ni ó lè pa irú olú bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò wo bóyá ìdáhùn wọn tẹ̀lé òfin. Olùkọ́ Yorùbá yóò wo bóyá àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà ń sọ̀rọ̀ bí ará Èmùré. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ fún ohun kan kò bá sí, kí wọ́n ṣàpèjúwe iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, nítorí ẹni tí kò lè ṣàpèjúwe iṣẹ́ ohun kan kò tíì mọ̀ ọ́n.