Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan, ogun Ìmàgbọ̀n, àti ọrùn tiwa

Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè ohun tí "subjugate" túmọ̀ sí, á sọ fún ẹ pé "kí wọ́n ṣẹ́gun èèyàn" ni. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Fún àwa ọmọ Ìjẹ̀bú, ìtàn wa ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Sub" ni abẹ́. "Jugum" ni àjàgà, igi tí wọ́n ń gbé lé ọrùn màlúù méjì kí wọ́n lè jọ túlẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba wa fi ń dáko, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ àjàgà. Torí náà, "subjugate" ni kí wọ́n mú ọrùn èèyàn wọ abẹ́ àjàgà.

Àwọn ará Róòmù ò fi ṣàpèjúwe lásán. Wọ́n á ri ọ̀kọ̀ méjì mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ìkẹta dábùú lókè, ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun á sì tẹrí ba gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 321 ṣáájú ìbí Jésù, ó kan àwọn náà: àwọn Samnite ká wọn mọ́ àárín òkè ní Caudium, wọ́n sì mú gbogbo ọmọ ogun wọn gba abẹ́ ọ̀kọ̀ kọjá. Síbẹ̀, Róòmù padà wá ṣẹ́gun àwọn Samnite. Ẹ rí i pé ìṣẹ́gun lọ́tọ̀, àjàgà lọ́tọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè, wọ́n sì ń gba owó ibodè. Ìjọba Òyìnbó l'Ékòó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà, gbé ẹ̀bùn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ kò gbà á. Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, wọ́n ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Àmọ́ àwọn aṣojú náà ò fẹ́ fọwọ́ kan gègé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ló bá wọn fọwọ́ síwèé. Lọ́yà èyíkéyìí á béèrè: irú àdéhùn wo nìyẹn, tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ò fẹ́ fọwọ́ kàn?

Kò pẹ́, Gómìnà Carter ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Colonel Scott kó ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ní May 19, 1892, ìbọn Maxim dáhùn ní Ìmàgbọ̀n, létí odò Yemọjí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ká má purọ́ fúnra wa o. Àwọn baba wa náà ra ẹrú, wọ́n sì ta ẹrú. Inú ọ̀pọ̀ oníṣòwò òkè dùn nígbà tí ọ̀nà ṣí. Ẹni tó gbé àjàgà lé ẹlòmíì lọ́rùn ni wọ́n wá gbé tirẹ̀ fún.

Wọ́n ṣẹ́gun wa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò kúrò lórí ìtẹ́, àmọ́ abẹ́ Òyìnbó ló wà. Àwọn èèyàn ò kàn jókòó káwọ́ lérí ṣá. Wọ́n gba Ìsìláàmù, wọ́n gba Kírísítẹ́nì, wọ́n dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Títí dòní, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba. Ọba tiwọn ni wọ́n ń tẹrí ba fún níbẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí nìyí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Ó ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ṣé èdè ló jẹ̀bi ni, àbí ìwé tí kò sí àti olùkọ́ tí wọn ò dá lẹ́kọ̀ọ́?

Mi ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun ni mo fi ka òfin, òun ni wọ́n ń sọ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kó má gbọ́ Yorùbá. Ilé wa náà ńkọ́, níbi tá a ti ń sọ fún ọmọ pé "má sọ vernacular"? Kò sí mínísítà tó rán wa níṣẹ́ yẹn.

Ní 1892, Maxim ló dojú kọ wa. Lónìí, ta ló gbé ìbọn dání tá a fi ń tẹ ọrùn sílẹ̀ fúnra wa?