Ibi Tí A Ti Ń Ṣiṣẹ́ Ni A Ti Ń Jẹ

Òwe tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yí i po. Bí ẹnì kan bá bu owó ọjà ọ̀gá rẹ̀ sápò, tàbí tó gba rìbá kó tó fọwọ́ sí ìwé, òwe yìí ni yóò fi gbè ara rẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀
Jíjẹ tí àwọn àgbà ń sọ ni èrè tí a fún ni ní gbangba: owó oṣù, owó iṣẹ́, ẹ̀bùn tí ọ̀gá mọ̀ sí. Ohun tí a mú tí a sì ń fi pamọ́ fún ẹni tó gbà wá síṣẹ́, olè ni. Yorùbá kan náà ló sọ pé, "Kàkà kí n jalè, kí n kúkú dẹrú."

Àkókò náà wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ ṣe èlé owó tí wọ́n yá mọ àkókò tó jẹ́ ti olówó, ó sì mọ èyí tó lè fi ro oko ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ
Ká ní ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìnísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òfin mẹ́ta ni ọ̀gá fún un:

1. Má fi ẹ̀rọ mi ran aṣọ tí n kò mọ̀ sí.
2. Aṣọ tó bá ṣẹ́kù, oníbàárà ló ni ín. Bi í kí o tó mú un.
3. Má dá ọjọ́ tí o mọ̀ pé aṣọ kò ní tíì parí fún oníbàárà.

Bí ọmọ yìí bá ń gba iṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, ó lè rí owó lónìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira ń bọ̀, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú òbí àti ẹgbẹ́ télọ̀. Ta ni yóò gbé aṣọ fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún? Ẹni tó wá láti Ìkìrun tàbí Òkukù kò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ rẹ̀ ló gbọ́.

Ojúṣe ọ̀gá
Ọ̀gá náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́ kí oṣù 3 tó pé: iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi. Bí òfin ọ̀gá bá le jù, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ má rú u lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ rẹ́ oníbàárà jẹ, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ fún un.

Ẹ̀kọ́
Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè: bí oníbàárà bá gbàgbé owó sínú àpò ṣòkòtò tó gbé wá fún àtúnṣe, ta ló ni owó náà?